Ọjọ́ Tí Ìlù Ńlá Kan Ilẹ̀ Lójú Irin Àgége

Ẹ jókòó dáadáa. Dáre, sún síwájú díẹ̀ kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè ráyè wọlé. Mo mọ ohun tó gbé yín wá. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ onílù ìjọ wa kì í dédé kúnlẹ̀ kí ènìyàn pọ̀ báyìí lọ́sàn-án gangan, bí ẹni tó wá tọrọ ìyàwó. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀, ẹ fẹ́ yíde láti Ògbà dé Àgége, Ìtùnú ọmọ mi lẹ sì gbé ìlù ńlá lé lọ́wọ́. Èmi bàbá rẹ̀ ni mo ní kò ní lọ. Láti ìjẹta ló ti ń sunkún. Ìyá rẹ̀ náà kò bá mi sọ ju "oúnjẹ yín rèé" lọ mọ́.

N kò tíì yí ọ̀rọ̀ mi padà o. Ẹ má tíì máa wo ara yín lójú. Ṣùgbọ́n Dáre tó jẹ́ aṣíwájú yín ti bi mí pé, "Daddy, kí ni ìlù fi ṣe yín?" Ìbéèrè náà dùn mí wọra, nítorí ìlù kò ṣe mí ní ibi kankan rí. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo ti dàgbà tó láti sọ bẹ́ẹ̀ láìtijú. Wọ́n ní ojú tó ti rí òkun kì í rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ojú tèmi rí òkun, láti ìgbà náà ni omi inú abọ́ pàápàá sì ti ń bà á lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín bó ṣe rí. Bí mo bá ya bàrá, ẹ ṣe sùúrù. Ọ̀rọ̀ yìí jìnnà lọ́kàn mi, ọ̀nà tó sì dé ibẹ̀ kò tọ́ gbọnrangandan.

Ẹ wo gbogbo àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá wọ̀nyí, láti ẹ̀yìn Ìkẹjà títí wọ Ògbà, tí òmíràn ti di ṣọ́ọ̀ṣì, tí òmíràn di ibi ìkẹ́rùsí, tí òmíràn di ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Ilé iṣẹ́ ni gbogbo wọn nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Kò sẹ́ni tó nílò aago. Fèrè ilé iṣẹ́ ló ń jí wa, òun náà ló ń tú wa sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ohùn tirẹ̀. Ti ilé iṣẹ́ aṣọ máa ń ké bí ọmọ tí ebi ń pa. Ti ilé iṣẹ́ ọṣẹ máa ń kùn bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ láti apá kan, òórùn bísíkíìtì la ó gbọ́. Bó bá yí padà, ọṣẹ ni. Ìyá mi, ọmọ Ìjẹ̀bú tí kì í fi nǹkan ṣòfò, máa ń sọ fún wa pé, "Ẹ fẹ́ jẹ bísíkíìtì? Ẹ bọ́ síta, kí ẹ fa afẹ́fẹ́ símú dáadáa."

Nígbà tí fèrè ìrọ̀lẹ́ bá wá ké, ẹ ó rí èrò! Ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ ológeere, aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù, àwo oúnjẹ tó ti ṣófo tó ń dún pẹkẹpẹkẹ nínú àpò. Títì á kún, mọ́tò á dúró kí ènìyàn kọjá. Lónìí, ènìyàn ló ń dúró de mọ́tò, mọ́tò kò sì ṣàánú ẹnikẹ́ni.

Ilé iṣẹ́ tèmi, n kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí ọmọ àwọn tó ni ín ṣì wà, ẹnu mi kò sì wá ìjà. Abọ́ tánńganran ni a ń ṣe, èyí tí wọ́n ya òdòdó sí nínú, tí àwọn ìyá yín máa ń tò sórí ara wọn nínú kọ́bọ́ọ̀dù láìjẹun nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń tẹ irin di abọ́ a máa lu etí wa láti àárọ̀ dalẹ́, gbàmù, gbàmù. Kò pẹ́ tí etí gbogbo wa fi le. Bí a bá délé, a óò máa pariwo bá ìyàwó sọ̀rọ̀, àwọn ará ilé á rò pé ìjà ti dé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ etí yìí sọ́kàn. Mo ń padà bọ̀ wá bá a.

Kò sí ilé iṣẹ́ tó mọ ara rẹ̀ lẹ́ni ńlá nígbà náà tí kò ní báǹdì. Bó o bá mọ fèrè fọn, wọ́n lè gbà ọ́ síṣẹ́ kí wọ́n tó béèrè ibi tó o kàwé dé. Lẹ́yìn tí a bá ṣíwọ́, a óò bọ́jú, a óò wọ bàtà aláwọ, a óò sì tò sáàárín àwọn àpótí abọ́ ní ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, ó di ìlù. Nígbà tó bá di Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́, gbogbo báǹdì á yíde lọ sí pápá kan ní Àgége, níbi tí ará ìlú ti máa ń wo èyí tó dára jù. Ẹ̀bùn kan kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n báǹdì tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún jù, ọdún kan gbáko ni yóò fi máa fi àwọn yòókù ṣe yẹ̀yẹ́ nídìí iyán.

Ọ̀gá báǹdì wa jẹ́ sójà tó ti fẹ̀yìn tì. Sájẹ́ńtì là ń pè é, ìyàwó rẹ̀ pàápàá kò pè é ní nǹkan mìíràn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í gbàgbé. Iwájú nìkan ni ojú wa gbọ́dọ̀ máa wò. "Bí eṣinṣin bá bà lé ọ nímú," ó máa ń wí, "àlejò rẹ ni, ṣe é lálejò." Bákan náà, ìlù kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀ ní gbangba, nítorí ó ní ilẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ ìlù. Òfin kan sì wà tó ju gbogbo wọn lọ. Ìlù ńlá ni ọba wa. Àwọn ìlù kékeré ló máa ń wà níwájú, àwọn afọnfèrè á tẹ̀lé wọn, ìlù ńlá á wà lẹ́yìn pátápátá, kí ohùn rẹ̀ lè máa tì wá lọ. Bí ìlù ńlá bá dákẹ́, gbogbo ohun èlò á dákẹ́, a óò dúró lójú kan, ẹsẹ̀ wa á máa lọ sókè sódò láìkúrò níbẹ̀, títí ìlù ńlá yóò fi tún sọ̀rọ̀. Ìgbàkígbà tó bá sì ti sọ̀rọ̀, a óò ṣí. Nítorí etí wa tó ti le, a kì í fi etí gbọ́ ọ. Àyà àti àtẹ́lẹsẹ̀ la fi ń gbọ́ ọ. Mo fẹ́ kí ó yé yín: kì í dé orí wa kó tó dé ẹsẹ̀.

Èmi ni mo ń lu aro, àwo idẹ méjì yẹn tí a máa ń pa pọ̀ tó ń dún gbàn-án. Ìlà ẹ̀yìn ni mo wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gàníyù tó ń gbé ìlù ńlá.

A rí ẹ̀sín o, ẹ̀yin ọmọ. Aṣíwájú wa, Múfú, ló máa ń mú ọ̀pá tó ń dán níwájú báǹdì, tí yóò jù ú sókè, tí yóò sì hán an láìwò ó. Lọ́jọ́ kan ní Allen Avenue, ó ju ọ̀pá sókè, ọ̀pá náà sì kọ́ wáyà iná, ó rọ̀ síbẹ̀. Òfin ni pé ojú kò gbọdọ̀ kúrò níwájú. Múfú kò wòkè. Ó na ọwọ́ sílẹ̀, ó ń retí ọ̀pá, ó sì ń lọ. Ìyá kan tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wò ó, àánú ṣe é, ó gbé ọsàn kan lé e lọ́wọ́. Múfú ju ọsàn sókè, ó hán an, ó tún jù ú. Báyìí ló ṣe títí a fi dé òpin òpópónà. Àwọn kan rò pé bí a ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ọ̀kan wà nínú àwọn afọnfèrè tó fẹ́ràn oúnjẹ ju ẹ̀mí rẹ̀ lọ. Ó ki àkàrà bọ ẹnu fèrè ńlá rẹ̀ kí a má baà bá a jẹ ẹ́, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí a dé iwájú àwọn àlejò pàtàkì, ó fọn, kò dún. Ó tún fi gbogbo agbára fọn, àkàrà fò jáde, ó bà lé iwájú bàtà ọ̀gá àgbà. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́. Òun nìkan ló sọ̀rọ̀: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ rẹ́rìn-ín. Ìtùnú náà rẹ́rìn-ín, mo rí i.

Gàníyù ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ dáadáa. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àyà rẹ̀ fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì pọ̀. Ìdí ẹ̀rọ kan náà la ti ń ṣiṣẹ́. Bí àsìkò ìrun bá tó, á fún mi ní iṣẹ́ rẹ̀ mú dání. Bó bá di Sọ́ńdè tí a ní iṣẹ́, òun náà á bá mi mú tèmi kí n lè sáré lọ sí ìsìn. Ìlù ńlá tó gbé sí ikùn ga dé àgbọ̀n rẹ̀, kò lè rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí a ń yíde lọ, gọ́tà kan wà tí wọ́n gbé ọmọrí rẹ̀ kúrò. Gàníyù rìn lọ bọ́ sínú rẹ̀. Ìlù náà fẹ̀ ju ẹnu gọ́tà lọ, ó há síbẹ̀, Gàníyù sì rọ̀ mọ́ ọn nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó ń lu ìlù lọ. Kò ṣì í lù. Ojú iwájú ni èmi ń wò bí òfin ṣe wí. Mo kàn gbọ́ ọ pé ìlù náà ń jìnnà sí wa díẹ̀díẹ̀ bí ẹni pé ó ń padà sílé.

Sájẹ́ńtì ló padà lọ bá a.

"Gàníyù! Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń lu ìlù, Ọ̀gá."

"Nínú gọ́tà?"

"Ìlù ò kan ilẹ̀, Ọ̀gá."

Láti ọjọ́ náà ni Sájẹ́ńtì ti fi mí ṣe ojú Gàníyù. Iṣẹ́ mi ni láti máa sọ fún un láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, láìyí orí, ohun tó wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀. "Gọ́tà lọ́tùn-ún. Òkúta. Ìgbẹ́ màlúù." Òun náà á dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ẹnu, "Èyí, mo ti tẹ̀ ẹ́." Ìgbà mìíràn, á ní, "Ìwọ tí wọ́n ní kó o máa ríran, o ò ṣe tètè rí i?" Èmi ni ojú rẹ̀. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí òun yóò di ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí Ọjọ́ Àwọn Òṣìṣẹ́ ọdún yẹn ń bọ̀, awọ ìlù ńlá ya. Kò sí owó láti ra tuntun láti òkè òkun, nítorí náà a ra awọ màlúù lọ́wọ́ àwọn alápatà ní Oko-Ọba, a sì dì í síbẹ̀. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ náà, awọ sì rọ̀, ìlù ń dún bí ẹní ń gbá pìlò. Gàníyù yá a níná èédú. Ó fi ìka kan awọ náà, ó tún kàn án.

"Ọ̀gá, ó ti gbẹ jù."

"Kó ṣáà gbé wa dé pápá," ni Sájẹ́ńtì wí. "Bó bá fẹ́ kú lẹ́yìn ìyẹn, kó kú."

A gbéra. Ẹ̀yìn wa ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù wà pẹ̀lú àsíá ẹgbẹ́ wọn. Ọ̀nà kún láti ìhín dé ọ̀hún, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé wa, ará ìlú ń hó yèè. A dára lọ́jọ́ náà, n kò ní purọ́. Mo ṣì máa ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn bí ilé bá dákẹ́.

Afárá kò sí ní Àgége nígbà náà. Ojú irin dábùú títì ni, bọ́ọ̀sì, ènìyàn, ewúrẹ́, gbogbo wa la jọ ń gbà á kọjá. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń fi àsíá pupa dá ènìyàn dúró bí ọkọ̀ ojú irin bá ń bọ̀. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, n kò ní í dá a lẹ́bi láéláé. Ó ju àsíá, ó sì fọn fèrè. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi jù ú, ìlà iwájú ti wọ ojú irin, iwájú nìkan la sì ń wò. Fèrè tó fọn bọ́ sáàárín fèrè tiwa. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn rí àsíá, wọ́n dúró. Àwa kò rí i.

Àwọn onílù kékeré ti kọjá. Àwọn afọnfèrè wà lórí irin. Èmi àti Gàníyù ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ lé igi tó wà lábẹ́ irin àkọ́kọ́ ni, mo sì ń sọ fún un pé, "Irin. Gbé ẹsẹ̀ sókè," ni mo gbọ́ nǹkan tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, fàáà, bí ẹní fa aṣọ ya. Awọ ìlù ńlá ti ya láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ìlù ńlá dákẹ́.

Kí ni ẹ rò pé a ṣe? Ohun tí a kọ́ la ṣe. Gbogbo ohun èlò dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo wa sì dúró lójú kan, lórí irin, ojú wa níwájú, ẹsẹ̀ wa ń lọ sókè sódò. Mo gbọ́ bí bàtà wa ṣe ń dún lórí òkúta àti igi, kàràkàrà, kàràkàrà, ó mà dọ́gba o. Nígbà náà ni mo gbọ́ ọkọ̀ ojú irin. Mo gbọ́ ọ. N kò lè fi etí tó le ṣe àwáwí, nítorí irin tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Ará ìlú ń kígbe, "Ẹ kúrò ńbẹ̀! Ẹ sáré o!" Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti kúrò nílé ni wọ́n ti ń kígbe fún wa. Igbe ìyìn àti igbe ikú, mo ti mọ̀ pé wọn kò jọra. Lọ́jọ́ náà, wọ́n jọra.

Orí mi ń sọ pé sáré. Ẹsẹ̀ mi ń retí ìlù. Orí mi kò sì ní àṣẹ kankan lórí ẹsẹ̀ mi. Ẹni tí kò bá ṣẹlẹ̀ sí kò lè gbà á gbọ́. Níwájú mi, mo ń rí ẹ̀yìn àwọn afọnfèrè, wọ́n tò lọ gbọọrọ, kò sí ẹyọ kan tó yí orí. Òógùn ń ṣàn lọ́rùn ẹni tó fọn àkàrà jáde. Òun náà ti gbọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yéé lọ sókè sódò.

Múfú ti lọ jìnnà níwájú, Sájẹ́ńtì wà ní òdìkejì, ó ń ya ẹnu, n kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Gàníyù gbá igi ara ìlù náà. Ó dún kókó, kò dé ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ó yíjú sí mi. Mo gbé aro méjèèjì dání, mo nà wọ́n sókè, bí wọ́n ṣe wà nígbà tí ìlù dákẹ́. Ó fẹ́ nawọ́ kan aro mi, ìlù ńlá tó wà ní ikùn rẹ̀ kò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó o.

Gàníyù tí kò jẹ́ kí ìlù kan ilẹ̀ nínú gọ́tà já ìgbànú èjìká rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ìlù náà ṣubú sójú irin.

Ó fi kọ̀ǹgọ́ ìlù ńlá lu aro mi. Gbàn! Gbàn! Gbàn-gbàn! Bí ìlù ńlá ṣe máa ń pè wá gan-an nìyẹn bí a bá fẹ́ ṣí. Ọwọ́ mi gbà á, àyà mi gbà á, ẹsẹ̀ mi sì ṣí. Gbogbo ìlà ṣí. A kò sáré o. A yan. Òsì, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, bí ẹni tí ikú kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Gàníyù ń lu aro lọ́wọ́ mi, ó sì ń fi èjìká tì mí. Mo fi ẹsẹ̀ kan irin kejì, mo kọjá irin kejì. Atẹ́gùn kan gbá mi lẹ́yìn, ó ṣí fìlà mi lọ. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn ìyẹn ni bí igi ìlù ṣe fọ́.

Kò sí ẹni tó farapa. Mo máa ń tún un sọ fún ara mi lójoojúmọ́: kò sí ẹni tó farapa. Ara mi kò gbọ́ ọ.

Nígbà tí ọkọ̀ kọjá tán, Sájẹ́ńtì wá bá wa. Gàníyù dúró gbọnrangandan, kọ̀ǹgọ́ lọ́wọ́, ojú níwájú. Èékánná rẹ̀ ń ṣẹ̀jẹ̀ níbi tó ti já ìgbànú.

"Ọ̀gá," ó wí, "ìlù ti kan ilẹ̀."

Sájẹ́ńtì wo igi wẹ́wẹ́ tó fọ́n ká ojú irin.

"Ìlù wo?" ó wí. "Èmi ò rí ìlù kankan níbẹ̀."

Ó wá bọ́ fìlà tirẹ̀, ó fi dé Gàníyù lórí, ó sì yíjú sí apá ibòmíràn. Èjìká rẹ̀ ń mì. Ọkùnrin tí kì í rẹ́rìn-ín, n kò mọ̀ títí dòní bóyá ẹ̀rín ni tàbí ẹkún.

Báǹdì náà kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kì í ṣe nítorí ìlù. Abọ́ rọ́bà ló dé, tánńganran sì kógbá wọlé. Àwọn fèrè ilé iṣẹ́ ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí àwọn àgbà àdúgbò ṣe ń lọ. Lọ́jọ́ kan, mo jí, mo sì rí i pé mo ti pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ lórí bẹ́ẹ̀dì, kò sí ohun tó jí mi. Sájẹ́ńtì ti kú, Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ. Gàníyù padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ó ń dáko. A ṣì máa ń pe ara wa lórí fóònù, àwa méjèèjì á máa pariwo, kò sì sí ẹni tó ń gbọ́ èkejì. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé báwo ló ṣe mọ̀ pé aro mi ni kó lù. Ó ní, "Mo wò ọ́, ojú rẹ là sílẹ̀, ṣùgbọ́n o ò sí ńlé."

Láti ọjọ́ náà, n kì í fi ẹsẹ̀ mi kọjá ojú irin. Ìtùnú ti bi mí rí, nígbà tó wà ní kékeré, ìdí tí a fi máa ń gba ọ̀nà tó jìn lọ sílé àǹtí rẹ̀. Mo ní mò ń sá fún ẹrẹ̀.

Mo mọ èsì yín. Ẹ máa ní afárá ti wà níbẹ̀ báyìí, pé ọkọ̀ ojú irin tuntun wà nísàlẹ̀, ẹ̀yin wà lókè. Dáre ti ya àwòrán rẹ̀ fún mi nínú fóònù, ó ní, "Daddy, ẹ wò ó, wọ́n ti fi wáyà yí i ká, ewúrẹ́ gan-an ò lè wọ ibẹ̀." Òótọ́ ni. Bó bá jẹ́ ojú irin nìkan ni, ǹ bá gbé ẹ̀rù mi mì, kí n sì dákẹ́.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ríran. Ẹ ń kọ́ ìyíde lójú títì níwájú ilé wa níbí, mo sì wà lójú fèrèsé. Kọ̀ǹgọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìtùnú. Ìlù ńlá dákẹ́. Kí lẹ ṣe? Gbogbo yín dúró láàárín títì, ojú yín níwájú, ẹsẹ̀ yín ń lọ sókè sódò, táńkà tó ń gbé omi sì ń bọ̀ lẹ́yìn yín. Awakọ̀ náà tẹ bíréèkì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin sójà Jésù!" Ẹ rẹ́rìn-ín. Èmi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ìyá Ìtùnú fi dé. Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Ẹni tó kọ́ yín, ta ló kọ́ òun náà? Ilé iṣẹ́ ti kú, òfin rẹ̀ kò kú. Sájẹ́ńtì ti wà nínú ilẹ̀, ẹsẹ̀ yín sì ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Nítorí náà ni mo ṣe ní kò ní lọ. Kì í ṣe pé ọmọbìnrin ni, Ìtùnú, bí o ṣe ń sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ. Bí o ṣe ń gbé ìlù náà wú mi lórí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ẹni tó bá gbé ìlù ńlá ni kì í rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ẹsẹ̀ gbogbo àwọn tó kù sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ bó ṣe wúwo tó.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí, mo ń gbọ́ ohùn ara mi. Mo ní kí ọmọ mi dúró lójú kan, kó máa gbé ẹsẹ̀ sókè sódò nínú ilé, títí ẹ̀rù bàbá rẹ̀ yóò fi tán. Ìlù tèmi ti dákẹ́ láti ọjọ́ náà, èmi náà kò sì tíì kúrò lójú irin. Àwọn àgbà ní àìdúró là ń pè níjó.

Dáre, ẹ kò ní aro nínú ẹgbẹ́ yín. Mo ti ṣàkíyèsí rẹ̀.

Ìtùnú, dìde. Lọ sí yàrá mi, wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, fa àpò tó wà lẹ́yìn àpótí jáde. Rọra o, ó wúwo. Ẹ̀yin tó kù, ẹ fetí sílẹ̀. A óò yí òfin náà padà kó tó di Sátidé. Bí ìlù ńlá bá dákẹ́, ìdí yòówù kó fà á, ẹ má dúró. Ẹ máa lọ. Ẹ ó máa kọ́ ọ lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé yìí títí ẹsẹ̀ yín yóò fi gbàgbé ti tẹ́lẹ̀. Ìtùnú kò sì ní lọ láìní ojú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èmi ni n óò máa sọ gọ́tà àti òkúta fún un, títí kan ìgbẹ́ màlúù bó bá wà.

Ó ti dé. Gbé e fún mi. Ẹ wo ibi tó tẹ̀ wọnú yìí, ojú kọ̀ǹgọ́ Gàníyù nìyẹn.

Ọwọ́ mi ń gbọ̀n, àbí ẹ ò rí i? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì wọ́n mú ni, wọ́n sì ti ń dún fúnra wọn. Ẹ má wulẹ̀ díbọ́n pé ẹ ò gbọ́. Yóò gbọ̀n bẹ́ẹ̀ lórí afárá náà, ó ṣeé ṣe kó gbọ̀n ju báyìí lọ. Kò burú. Bí ẹ bá ṣáà ti ń gbọ́ ọ lẹ́yìn yín, ẹ mọ̀ pé mo ń bọ̀.

Ìtùnú, gbé ìlù rẹ.